Ohun tó ń mú kí ìbọn ẹlẹ́nu méjì ṣí fúnra rẹ̀ nígbà tí a bá yìn ín

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, ẹ̀yin alágbẹ̀dẹ ìbọn, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń lo ìbọn ẹlẹ́nu méjì, mo kí yín, mo sì dúpẹ́ pé ẹ fún mi láyè láti sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí mi, mo yin ẹnu ọ̀tún ìbọn mi, ó dún bó ṣe máa ń dún, ó ta mí léjìká bó ṣe máa ń ta mí, ṣùgbọ́n kí n tó ṣẹ́jú, ọ̀pá ìbọn ti tẹ̀ sílẹ̀ níwájú mi, ìbọn ti ya ẹnu gbàgà, òfìfo kátíríìjì sì ti fò kọjá lórí èjìká mi. Ẹnikẹ́ni kò ṣí i. Ọwọ́ mi wà níbi tó yẹ kó wà, tàbí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rò nígbà náà.

Mo gbé ìbọn náà lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń tún ìbọn ṣe. Ó ní kátíríìjì mi ló le jù. Mo ra èyí tó rọ̀ jù ú lọ, ìbọn tún ṣí. Mo padà sọ́dọ̀ rẹ̀, ó gbé ayùn irin, ó rẹ́ ibì kan lábẹ́ ọ̀pá ìbọn náà, ó ní ọ̀ràn ti parí. Láti ọjọ́ náà, ìbọn tó ń ṣí lẹ́ẹ̀kan nínú ogún wá ń ṣí lẹ́ẹ̀kan nínú márùn-ún. Ohun tí mo kọ́ lẹ́yìn náà, nípa bíbi àwọn tó mọṣẹ́ léèrè àti nípa ṣíṣe ìṣirò fúnra mi, ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀ níwájú yín.

Kí á tó lè mọ ìdí tí ìbọn fi ń ṣí, ó yẹ kí á mọ ohun tó ń dì í mú. Ìbọn tí à ń ṣẹ́ láàárín kí á tó ki kátíríìjì sí i ni mò ń sọ. Ọ̀pá méjèèjì, tí a jó pọ̀ di ẹyọ kan, ní eyín irin ńlá lábẹ́ wọn. Iwájú eyín yìí jẹ́ ìkọ́ tó há mọ́ irin róbótó kan tó dábùú ikùn ìbọn, ìyẹn ara irin tí eyín náà ń wọ̀. Irin róbótó yìí ni híńjì, orí rẹ̀ ni ọ̀pá ń yí lé nígbà tí a bá ń ṣí ìbọn. Lẹ́yìn ọ̀pá ni ògiri irin wà, tí ìdí kátíríìjì fẹ̀yìn tì. A gbẹ́ kòtò sí ẹ̀yìn eyín náà, ìdábùú pẹlẹbẹ kan tó ń rìn síwá sẹ́yìn nínú ikùn ìbọn a sì máa wọ inú kòtò yìí, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pá ìdábùú ṣe ń há ilẹ̀kùn ńlá mọ́. Ọwọ́ ìṣí tó wà lókè, lẹ́yìn ògiri irin, ni à ń fi àtàǹpàkò tì sí ọ̀tún kí ìdábùú lè fà sẹ́yìn. Sípíríǹgì kan ló ń dá ọwọ́ ìṣí àti ìdábùú padà sáyè wọn nígbà tí a bá pa ìbọn dé, òun náà ló sì ń dúró tì wọ́n kí wọ́n má baà kúrò níbẹ̀.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Casimir Lefaucheux, alágbẹ̀dẹ ìbọn kan, gbé ìbọn tí à ń ṣẹ́ láàárín jáde ní Faransé ní àwọn ọdún 1830, ọwọ́ èèyàn ló ń yí ohun tó ń tì í. Ní 1859, Henry Jones gba ìwé àṣẹ, irú èyí tí ìjọba ń fún ẹni tó hùmọ̀ nǹkan tuntun, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀nà kan tó jẹ́ pé ọwọ́ gígùn abẹ́ ìbọn ló ń yí irin olójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ méjì, tí irin náà sì ń fa ọ̀pá wálẹ̀ bí ìgbà tí à ń fún súkúrúù. Ọ̀nà yìí kò gbára lé sípíríǹgì rárá. Bí ẹni tó ń lò ó bá ti yí i dópin, jìgìjìgì ìbọn kò lè tú u. Àléébù rẹ̀ ni pé kò yá. Ní 1863, James Purdey ọmọ, tí òun àti bàbá rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ kan náà, gba ìwé àṣẹ fún ìdábùú tí sípíríǹgì ń tì wọlé fúnra rẹ̀, nígbà tó sì di 1865, William Middleditch Scott gba tirẹ̀ fún ọ̀pá ìdúró kékeré tó so ọwọ́ ìṣí òkè mọ́ ìdábùú. Láti ìgbà náà ni ìbọn ti ń há mọ́ra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí a bá ti gbé ọ̀pá sókè. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ̀rọ̀ mi bí ẹni pé mo ń bu iṣẹ́ wọn kù. Àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn tí à ń sọ lónìí ti ráyè wọlé, nítorí ohun tí ọwọ́ èèyàn ń tì pa tẹ́lẹ̀ ti wá di ohun tí sípíríǹgì kan ń ṣọ́.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ̀tù bá gbiná. Ìlànà CIP, àjọ tó ń ṣòfin lórí dídán ìbọn àti kátíríìjì wò, èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù ń tẹ̀ lé, fi 740 bar (bar ni a fi ń wọn ìfúnpá) ṣe òpin ìfúnpá fún kátíríìjì 12, ìyẹn ti ìbọn tí fífẹ̀ ẹnu rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n 12, tó wọ́pọ̀. Ká fojú bù ú pé 600 bar ni ti èyí tí à ń yìn, ká sì mú un pé inú ìdí kátíríìjì fẹ̀ tó mìlímítà 20: agbára tó ń ti ògiri irin sẹ́yìn ní àkókò náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù 2. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé agbára yìí ló ń ti ìbọn ṣí tààrà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ògiri irin nìkan ló ń tì, ògiri náà sì ń gbé ìdí ìbọn sáré bọ̀ wá bá èjìká wa. Ọ̀pá ìbọn ní tirẹ̀ kò ní ohun tó ń tì í sẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni wọ́n ní láti wọ́ ọ tẹ̀ lé ògiri, híńjì tó fi ìkọ́ há mọ́ ló sì ń wọ́ ọ. Ibi tí híńjì wà ni ìṣòro: abẹ́ ọ̀pá ló wà.

Ẹ gbé àpótí gíga kan sílẹ̀, ẹ so okùn mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì já okùn náà sọ́dọ̀ ara yín lójijì. Ìsàlẹ̀ yóò tẹ̀ lé okùn, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ yóò ṣubú sí òdìkejì. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pá ìbọn nìyẹn. A já a láti ìsàlẹ̀, ara rẹ̀ tó wúwo sì wà lókè ibi tí a ti já a. Nítorí náà ẹnu rẹ̀ ń fẹ́ tẹ̀ sílẹ̀, ìdí rẹ̀ ń fẹ́ gbé sókè kúrò lójú ògiri, èyí tí í ṣe ìrìn kan náà tí à ń rí nígbà tí a bá fọwọ́ ara wa ṣí ìbọn. Ìbọn tó wúwo tó kìlógíráàmù 3 lè yára sẹ́yìn, ní ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá, débi pé gbogbo irin ara rẹ̀ á dà bí èyí tó wúwo ní ìlọ́po 500. Bí ọ̀pá bá jẹ́ kìlógíráàmù 1.4, ó ti di 700 nìyẹn. Bí àárín ọ̀pá bá fi sẹ̀ǹtímítà 2.5 ga ju híńjì lọ, tí ìdábùú sì wà ní sẹ̀ǹtímítà 4 sẹ́yìn híńjì, ohun tí ìdábùú kékeré yẹn ní láti dì mú yóò lé ní kìlógíráàmù 400. Ìfojúbù ni ìṣirò yìí, ìbọn kan sì yàtọ̀ sí èkejì, ṣùgbọ́n ó tó láti fi hàn wá pé kò sí ìgbà kan tí a yin ìbọn tí kò gbìyànjú láti ṣí. Ohun tó yẹ kó yà wá lẹ́nu ni pé kì í ṣí ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà.

Ìdí tí kì í fi í ṣí ni pé agbára yìí ń ti eyín sókè, nígbà tí ìdábùú ń rìn síwá sẹ́yìn. Bí ibi tí wọ́n ti pàdé bá tẹ́jú pẹrẹsẹ, a lè ti eyín sókè títí, ìdábùú kò ní mọ ọ̀nà tí yóò gbà sá sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n àwọn alágbẹ̀dẹ kì í jẹ́ kó tẹ́jú pátápátá. Wọ́n ń fún un ní gẹ̀rẹ́ díẹ̀, kí ìdábùú lè máa wọlé síwájú sí i bí irin ṣe ń jẹ, tí lílò ń dín in kù, kí ìbọn má baà yọ̀ lójú rẹ̀. Ẹ ronú nípa igi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí a fi ń há ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn. Èyí tí gẹ̀rẹ́ rẹ̀ rọra ń lọ, bí a bá ṣe ń ti ilẹ̀kùn lù ú tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa há tó. Èyí tí gẹ̀rẹ́ rẹ̀ ga, ńṣe ni ilẹ̀kùn yóò ta á dànù. Fún irin tó fara kan irin tí òróró wà láàárín wọn, ààlà yìí kò jìnnà sí dìgírì 6. Bí gẹ̀rẹ́ bá kéré jù ú lọ, gbígbámú irin mọ́ irin nìkan ti tó láti dá ìdábùú dúró. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ìdá kan nínú kìlógíráàmù 400 yẹn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìdábùú sẹ́yìn, kò sì sí sípíríǹgì ọwọ́ ìṣí kankan tó lè kọjú ìjà sí i.

Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tí ọkùnrin aláyùn yẹn ṣe sí ìbọn mi báyìí. Ó rẹ́ kòtò eyín kí ìdábùú lè wọlé jinlẹ̀, ó sì rẹ́ ẹ ní gẹ̀rẹ́. Ó dun mí títí di òní, kì í ṣe nítorí owó, bí kò ṣe nítorí pé ó sọ àṣìṣe kékeré di ewu, ó sì fi ìdánilójú gbé e lé mi lọ́wọ́. Kì í ṣe ayùn nìkan ló ń ṣe irú èyí. Ọdún púpọ̀ tí a ti ń ṣí tí a sì ń pa ìbọn dé ń jẹ etí ìdábùú títí yóò fi di róbótó, etí róbótó náà sì jẹ́ gẹ̀rẹ́ tó ga gan-an fún ìwọ̀nba ibi tí ó kàn. Híńjì pẹ̀lú ń jẹ. Bó bá jẹ, àlàfo tí bébà lè wọ̀ á wà láàárín ọ̀pá àti ògiri irin, nígbà tí a bá sì yìnbọn, ara ìbọn á kọ́kọ́ sáré gba inú àlàfo yìí kó tó fi agbára já ọ̀pá. Ìjájì lójijì burú fún ìdábùú ju agbára tó ń gbà díẹ̀díẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ wá kan sípíríǹgì àti ọwọ́ ìṣí. Nínú ọ̀pọ̀ ìbọn àtijọ́, irin pẹlẹbẹ tí a ṣẹ́ bí ẹsẹ̀ méjì tó pàdé ni sípíríǹgì yìí, ó sì lè sán ní kọ̀rọ̀ tí a kò ti lè rí i. Ìbọn yóò ṣì máa pa ara rẹ̀ dé, ọwọ́ ìṣí yóò ṣì máa padà, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìrọ̀rùn tó yẹ kó fu wá lára. Ọwọ́ ìṣí fúnra rẹ̀ jẹ́ irin tó wúwo díẹ̀, ó sì nà sẹ́yìn láti ibi tó ń yí lé. Nígbà tí ìbọn bá sá sẹ́yìn, ọwọ́ ìṣí ń fẹ́ dúró sẹ́yìn ìrìn náà, ó sì dà bí igi tí a gbé ró lórí ìka: bó bá tẹ̀ sí ọ̀tún díẹ̀, ọ̀tún ni yóò ṣubú sí. Nítorí èyí ni ìdọ̀tí fi léwu ju bí a ti rò lọ. Gíríìsì àtijọ́ tó ti dì, tàbí ẹ̀tù tí kò jó tán tó wà lábẹ́ irin tó ń yọ òfìfo kátíríìjì, lè má jẹ́ kí ọ̀pá jókòó dáadáa. Ìdábùú á wọlé dé ìdajì, ọwọ́ ìṣí á dúró sí apá ọ̀tún, ẹni tó ń sáré yóò sì rò pé òun ti pa ìbọn dé.

Mo fi ti àtàǹpàkò sẹ́yìn nítorí pé òun ni ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ gbọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, inú bí mi. Ṣùgbọ́n ẹ di ìbọn yín mú, kí ẹ sì wò ó. Àtàǹpàkò ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún yìnbọn ń gba orí ọrùn ìdí ìbọn kọjá láti ọ̀tún sí òsì, orí rẹ̀ á sì wà ní apá òsì, nítòsí ọwọ́ ìṣí. Nígbà tí ìbọn bá ta sẹ́yìn, ọwọ́ wa kì í bá a rìn lọ́gán. Ìbọn ló ń yọ́ gba inú ọwọ́ wa kọjá, títí èjìká yóò fi dá a dúró. Ọwọ́ ìṣí ń bọ̀ wá pàdé àtàǹpàkò. Kò lè yà sí òsì, nítorí pé ibẹ̀ ti tán fún un. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó ṣí sílẹ̀ fún un ni ọ̀tún, ọ̀tún ni a sì ń tì í sí nígbà tí a bá fẹ́ ṣí ìbọn. Àwọn tí ìbọn wọn ní ohun ìfà méjì, èyí tí à ń fi ìka fà láti yìnbọn, lè fi èyí dánwò láìná kọ́bọ̀: bó bá jẹ́ pé ìfà iwájú nìkan ni ìbọn ń bá ṣí, tí kì í ṣí pẹ̀lú ti ẹ̀yìn, ẹ fura sí àtàǹpàkò, nítorí pé ìfà iwájú ló ń mú ọwọ́ sún mọ́ ọwọ́ ìṣí. Bí ìbọn bá ń ṣí fún ẹnì kan tí kì í ṣí fún ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àwíjàre mọ́.

Àkókò tí ìbọn ṣí ṣe pàtàkì ju ohun gbogbo lọ fún ojú wa àti ọwọ́ wa. Ọta ń lo nǹkan bí ìdá 3 nínú 1000 ìṣẹ́jú àáyá kó tó jáde lẹ́nu ìbọn, ìbọn kò sì tíì sún sẹ́yìn tó sẹ̀ǹtímítà kan nígbà náà. Ọ̀pọ̀ jù lọ ìbọn tí àtàǹpàkò tàbí sípíríǹgì tó rọ ń ṣí, lẹ́yìn èyí ni wọ́n ń ṣí, nígbà tí èjìká ti ń dá ìbọn dúró. Ìdábùú tó ti ń bá ìbọn sáré bọ̀ sẹ́yìn yóò fẹ́ máa lọ nígbà tí ìbọn bá dúró, ẹ̀yìn ló sì ń lọ tí ìbọn fi ń ṣí. Ẹnu ìbọn tún ń fò sókè, ọwọ́ òsì wa ń fà á sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì ń ran ṣíṣí lọ́wọ́. Ìfúnpá ti tán nínú ọ̀pá nígbà yẹn. Àyà wa a já, ṣùgbọ́n ara wa a máa yè. Bí ìdábùú bá yọ kí ọta tó jáde, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: ìdí kátíríìjì kò ní ohun tó ń tì í lẹ́yìn mọ́, ó lè ya, gáàsì gbígbóná àti ègé idẹ yóò sì gba ojú ẹni tó yìn ín. Nítorí náà, ẹ má ṣe ju òfìfo kátíríìjì náà nù. Ẹ wo ìdí rẹ̀. Bó bá rí bí àwọn yòókù, ó pẹ́ kó tó ṣí. Bó bá wú, tó fẹ̀ létí, tàbí tó sán, ìbọn náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí nígbà tí ìfúnpá ṣì wà nínú rẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni yìn ín mọ́ kí alágbẹ̀dẹ tó tú u wò. Ẹ sì máa lo gíláàsì ojú ní gbogbo ìgbà, ẹ̀yin ará mi. Ẹ dákun.

Ní ti kátíríìjì tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń dá lẹ́bi, n kò sọ pé kò lọ́wọ́ sí i rí. Ọ̀pọ̀ ìbọn àtijọ́ ni a gbẹ́ ihò kátíríìjì wọn fún èyí tó gùn ní mìlímítà 65. Bí a bá ki ti mìlímítà 70 sí i, ẹnu kátíríìjì lè má ráyè ṣí tán, ìfúnpá á sì lọ sókè. Yíyìn ẹnu méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà ń sọ títa sẹ́yìn di ìlọ́po méjì. Síbẹ̀, ìbọn tó jókòó dáadáa lórí híńjì, tí ìdábùú rẹ̀ sì wọlé tán, kì í ṣí nítorí kátíríìjì tó bá a mu. Kátíríìjì tó le a máa tú àṣírí àléébù tó ti wà nílẹ̀.

Ìbọn tí ọ̀pá rẹ̀ kan gun orí èkejì kò bọ́ lọ́wọ́ gbogbo èyí, àmọ́ ó ní àǹfààní díẹ̀, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ wọn híńjì kò sí lábẹ́ ọ̀pá, ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ìsàlẹ̀ ló wà, ó sì sún mọ́ àárín ìwúwo. Ẹnu ìsàlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ yìn, òun ni kì í fi bẹ́ẹ̀ na ara ìbọn. Ìdàkejì rẹ̀ ni àwọn ìbọn tí wọ́n dìídì ṣe kí wọ́n lè ran ẹni tó ń ṣí wọn lọ́wọ́, bí irú èyí tí Frederick Beesley, alágbẹ̀dẹ ìbọn kan, gba ìwé àṣẹ fún ní 1880: sípíríǹgì inú wọn ń ti ọ̀pá ṣí nígbà gbogbo, bí ìdábùú bá sì yọ̀ díẹ̀, wọn kì í ṣí díẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ tó wá tún ìbọn mi ṣe kò fọwọ́ kan ayùn ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó yọ igi ìdìmú iwájú kúrò, ó pa ìbọn dé, ó mi ọ̀pá sọ́tùn-ún sósì, ó fi ìka gbọ́ bóyá híńjì ń mì. Híńjì kò mì. Ó gbé iná fìtílà sí ìdí eyín títí èéfín fi kun kòtò rẹ̀ dúdú, ó pa ìbọn dé, ó tún un ṣí: ìlà tín-ín-rín kan ní etí ọ̀tún nìkan ni ìdábùú ti nu èéfín náà kúrò. Ó tú ọwọ́ ìṣí, ó fi sípíríǹgì tó ti sán ní ẹsẹ̀ kan hàn mí. Lẹ́yìn náà ló ní kí n gbé ìbọn sí èjìká bí mo ṣe máa ń gbé e, ó wo àtàǹpàkò mi, kò sì sọ nǹkan kan. Ó kàn fi ìka tirẹ̀ gbé e kúrò lórí ọrùn ìbọn, ó tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún.

Mo bi í bóyá kò ní fi òòlù lu eyín náà kó lè fẹ̀, nítorí mo ti gbọ́ pé àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní irin tí a lù fẹ̀ a máa jẹ padà láìpẹ́, ẹni tó bá ra ìbọn náà kò sì ní mọ̀. Ó jó irin tuntun sínú kòtò, ó rẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ó ń fi èéfín dán an wò lẹ́yìn gbogbo rírẹ́, títí ìdábùú fi nu gbogbo fífẹ̀ kòtò náà mọ́. Ó fi sípíríǹgì tuntun sí i. Ọwọ́ ìṣí wá dúró sí ọ̀tún àárín díẹ̀, bó ṣe máa ń wà nínú ìbọn tó ṣì ní irin láti jẹ. Mo ti yin ìbọn náà ní àìmọye ìgbà láti ìgbà náà, tẹnu ọ̀tún tẹnu òsì, àtàǹpàkò mi sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ibi tó tẹ́ ẹ sí.